Àárọ̀ Lórí Òkun, Ọ̀sán Lórí Òkè Yanrìn: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan tí àwọn afinimọ̀nà ń ṣe ní Walvis Bay, ní etíkun orílẹ̀-èdè Nàmíbíà, ni ìwé ti ń wọlé láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú tí ó wà láàárín wọn. Ní òwúrọ̀, wọ́n ń kó àlejò lọ fi káyáàkì tukọ̀ láàárín àwọn síìlì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, wọ́n ń fi jíìpù gbé wọn gun òkè yanrìn aṣálẹ̀ Namib. Káyáàkì ni ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn kan tàbí méjì ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ olójú méjì wà. Síìlì sì ni ẹranko òkun onírun tí ó ní lẹbẹ dípò ẹsẹ̀. A yan àwọn ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè, a sì gé àwọn tí ó gùn jù kúrú.

Ọmọ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Windhoek ti sanwó ìrìn àjò yìí sílẹ̀ fún èmi àti ìyá rẹ̀. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, n kò sì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ rárá. Ìyá àwọn ọmọ ti búra pé òun kò ní wọ ọkọ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ó bọ́gbọ́n mu kí a lọ? Báwo ni ọjọ́ náà ṣe ń lọ gan-an? – Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Òmù-Àrán

A kí yín kú oríire ọmọ tí ó rántí òbí rẹ̀, sà. Ẹ lọ, kí ẹ sì mú ìyá àwọn ọmọ dání. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń wọ káyáàkì ní Walvis Bay ni kò wọ irú rẹ̀ rí, àìmọ̀-lúwẹ̀ẹ́ nìkan kò sì tó ohun tí yóò dá yín padà, nítorí pé ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ fẹ̀ nídìí, kì í tètè dojú dé, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kí ó wọ omi láìwọ ẹ̀wù aléfòó. Ohun tí ó tún ràn yín lọ́wọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń tukọ̀. Ilẹ̀ yanrìn tóóró kan yọ láti etíkun wọ inú òkun, ó sì na gbọọrọ lọ sí ìhà àríwá. Pelican Point ni wọ́n ń pe ìpẹ̀kun rẹ̀, ilé ìmọ́lẹ̀ tí ń fọ̀nà han àwọn awakọ̀ òkun sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀ yìí ni ìgbì Àtìláńtíìkì ń kọlù. Inú rẹ̀, tí ó kọjú sí ìlú, ni omi ti máa ń parọ́rọ́ ní òwúrọ̀. Inú yẹn ni ẹ ó wà, ní tòsí bèbè.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tàbí kí ó tó lù, afinimọ̀nà yóò wá gbé yín ní ilé ìtura. Ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà kọjá, níbi tí àwọn ẹyẹ flamingo àti ẹyẹ òfú ti ń jẹun, ó sì gba ẹ̀bá àwọn kòtò ńláńlá tí wọ́n ti ń fi oòrùn gbẹ omi òkun di iyọ̀, kí ó tó bọ́ sórí yanrìn. Ní Pelican Point, wọn yóò fún yín ní aṣọ tí omi kì í wọ̀, wọn yóò kọ́ yín bí a ṣe ń di àjẹ̀ mú, bí a ṣe ń yí ọkọ̀ padà àti bí a ṣe ń dá a dúró, wọn yóò sì tì yín wọ omi. Ó máa ń lé díẹ̀ ní wákàtí kan tí ènìyàn ń lò lórí omi. Lẹ́yìn tíì gbígbóná, jíìpù yóò padà gba ìlú kọjá, yóò sì dorí kọ gúúsù lọ sí Sandwich Harbour, tí ó tó nǹkan bí 50 km sí Walvis Bay, níbi tí òkè yanrìn ti sọ̀kalẹ̀ tààrà sínú òkun. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ ó sì padà dé kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó lọ wá àwọn síìlì kiri. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní bèbè, àwọn ọ̀dọ́ inú wọn yóò yọrí, wọn yóò wò yín láti ọ̀kánkán, wọn yóò rì, wọn yóò sì tún yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín gan-an. Mo rí ọ̀kan tí ó fi ẹnu mú etí àjẹ̀ mi, tí ó fà á díẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ó tú u sílẹ̀, tí ó sì dojú ikùn sókè kọjá lábẹ́ ọkọ̀ tí mo fi ń rí irùngbọ̀n rẹ̀ nínú omi. Àwọn àgbà wọn wà lórí yanrìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, igbe wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ọjà àgbò ní Ìlọrin nígbà tí iléyá bá ku ọ̀la. Òórùn wọn náà kò kéré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé afẹ́fẹ́ òkun nìkan ni ẹ ó gbọ́ níbẹ̀. Ẹ má na ọwọ́ sí wọn láéláé, bí ó ti wù kí wọ́n ṣe bí ọ̀rẹ́ tó. Eyín wọn mú, àti pé ní ọdún 2024 ni wọ́n rí àrùn dìgbòlugi lára irú síìlì yìí gan-an ní orílẹ̀-èdè South Africa.

Ní ti ìyá àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí ó jókòó síwájú kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Ẹni ẹ̀yìn ni ó ń fi ẹsẹ̀ darí ọkọ̀. Bí wọ́n bá sì kọ̀ síbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́ ṣáájú, nítorí pé wọ́n lè dúró sí bèbè lọ́dọ̀ ọkọ̀, kí wọ́n máa wo àwọn ẹranko náà láti orí ilẹ̀, kí wọ́n sì bá yín lọ sí òkè yanrìn lọ́sàn-án.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín dán wò kí ẹ tó kúrò nílé. Èkíní, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú fún wákàtí kan. Bí orúnkún tàbí ìbàdí bá fi ẹ̀hónú hàn, ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà mọ̀, nítorí pé bí ẹ ó ṣe jókòó nìyẹn. Èkejì, àwọn ilé ìtura kan ní Ìlọrin ní odò ìwẹ̀ tí ará ìta lè sanwó wọ̀. Ẹ yá ẹ̀wù aléfòó, kí ẹ wọ̀ ọ́ wọ inú omi níbi tí ẹsẹ̀ yín ti ń kan ilẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ lè rí i pé ẹ̀wù náà gbé yín dúró lóòótọ́. Ẹni tí ó bá ti rí èyí kò ní máa jà gùdù bí ọkọ̀ bá dojú dé. Bí ó bá sì dojú dé, ẹ di ọkọ̀ náà mú, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ síbì kankan, afinimọ̀nà yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ní pàtó nípa omi tútù, nítorí pé omi ibẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 12 sí 17 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, omi tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ sì máa ń já ènìyàn ní èémí ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ní ti ìwé ìrìnnà, ọmọ Nàìjíríà nílò físà, ilé iṣẹ́ aṣojú Nàmíbíà sì wà ní Àbújá. Wọn yóò béèrè yẹ́lò káàdì, tí ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán lẹ́yìn tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ kí ó tó wúlò. Owó rand ti South Africa ni ẹ lè máa ná níbẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí pé iye kan náà ni òun àti dọ́là Nàmíbíà. Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa; ẹ yí tiyín padà kí ẹ tó sùn, nítorí pé afinimọ̀nà kì í dúró de ẹni tí ó pẹ́, fún ìdí tí ẹ ó rí nínú àwọn ìdáhùn tí ó ń bọ̀.

Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé láti ara òkun ni òjò ti ń wá. Báwo ni aṣálẹ̀ ṣe wá bá òkun pààlà? Ṣé òkun náà kò fún un ní òjò ni? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ìgbájà

Òkun yẹn gan-an ni ó fa aṣálẹ̀ náà. Omi kan wà tí ń ṣàn láti gúúsù wá sí ìhà àríwá ní etíkun Nàmíbíà, Benguela ni orúkọ rẹ̀, ó sì tutù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti gúúsù ń ti omi orí òkun kúrò ní etíkun, omi tútù inú ibú sì ń gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Kí òjò tó lè rọ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ní omi nínú gbọ́dọ̀ móoru, kí ó gòkè, kí omi inú rẹ̀ sì dì di ìkùukùu ńlá. Ní etíkun yìí, afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí omi tutù, ó sì wúwo, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì tẹ́ lé e lórí. Kò lè gòkè. Kùrukùru nìkan ni ó lè dà, kùrukùru náà a sì máa rìn wọ orí ilẹ̀ lóru, a bo òkè yanrìn mọ́lẹ̀, títí oòrùn yóò fi tú u ká. Òjò tí ń rọ̀ ní Walvis Bay láàárín ọdún kan gbáko kò tó 25 mm, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 1,200 mm ni ó ń rọ̀ ní Ìlọrin. Òjò alẹ́ kan péré ní oṣù Kẹsàn-án ní ìhà ọ̀dọ̀ yín lè ju ti ọdún wọn lọ.

Kùrukùru yìí ni ẹ̀dá inú aṣálẹ̀ ń mu. Kòkòrò dúdú kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń gun orí góńgó òkè yanrìn ní ìdájí, tí yóò kọjú sí afẹ́fẹ́, tí yóò tẹ orí ba, tí yóò sì gbé ìdí sókè, kí omi kùrukùru lè kán sí i lẹ́yìn kí ó sì ṣàn wá sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí àjọ UNESCO fi ibi òkè yanrìn Namib sínú àkójọ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2013, ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé kò sí aṣálẹ̀ etíkun mìíràn tí òkè yanrìn rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kùrukùru sì ń bọ́.

Yanrìn náà pàápàá gba inú òkun wá. Odò Orange, tí ó pààlà láàárín Nàmíbíà àti South Africa, ni ó ń gbé e láti àárín ilẹ̀ wá da sínú Àtìláńtíìkì. Ìgbì ń tì í lọ sí àríwá ní ẹ̀gbẹ́ bèbè, afẹ́fẹ́ sì ń kó o sórí ilẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí afinimọ̀nà bá fi irin amúrin, tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, kan yanrìn, tí ohun dúdú kíkúnná sì rọ̀ mọ́ ọn lára, òkúta tí odò lọ̀ ní ọ̀nà jíjìn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Apá kan wà tí ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lójú yanrìn. Òkúta garnet ni ìyẹn. Omi ibú tí ń gòkè yìí náà ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún ẹja, ẹja ni síìlì ń jẹ, ajáko sì ń rìn ní bèbè láti jẹ òkú síìlì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín bóyá ẹ lè ya àwòrán rẹ̀ sí ojú pátákó.

Mo ti fi Hilux wa ọ̀nà oko fún ìgbà pípẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn afinimọ̀nà wọ̀nyí ń yọ afẹ́fẹ́ táyà kí wọ́n tó wọ yanrìn, bẹ́ẹ̀ fọkanáísà mi ń kìlọ̀ pé táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ni ó ń bẹ́. Èwo ni òótọ́? Ǹjẹ́ n kò lè yá jíìpù kí n wà á fúnra mi? – Awakọ̀, Ọ̀fà

Òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ, ọ̀gá. Lórí títì, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń rọ́ ní ẹ̀gbẹ́, eré sísá yóò mú un gbóná, yóò sì bẹ́. Lórí yanrìn, ìwúwo ọkọ̀ ni ọ̀tá yín. Táyà tí ó le ń duro lórí ojú kékeré, gbogbo ẹrù ọkọ̀ sì dá lórí ojú kékeré náà, nítorí náà yóò gbẹ́ kòtò, yóò sì rì. Bí ẹ bá yọ afẹ́fẹ́ láti 35 orí géèjì wá sí nǹkan bí 15, táyà yóò tẹ́, pàápàá ní gígùn, ẹrù yóò tàn ká, ọkọ̀ yóò sì máa lọ lójú yanrìn láìgbẹ́ ẹ. Nítorí pé eré tí ó ń sá kò pọ̀, tí yanrìn sì rọ̀, kì í gbóná débi pé yóò bẹ́. Ewu tí ó wà níbẹ̀ yàtọ̀: bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, tí awakọ̀ sì ṣẹ́ kọ̀ǹdà lójijì, táyà lè bọ́ kúrò lára rímù. Kí wọ́n tó padà sórí títì, wọn yóò dúró fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìwakọ̀ náà gba ìkóra-ẹni-níjàánu tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀nà ẹrẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ kò gbọ́dọ̀ dá eré dúró ní àárín, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ sá a kọjá góńgó, nítorí pé ẹ̀yìn góńgó lè jẹ́ ọ̀gbun. Ẹ̀yìn òkè yanrìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ń da yanrìn sí, máa ń dagun tó bí ìwọ̀n dígírì 33 sí 34, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé yanrìn gbígbẹ yóò máa ya lulẹ̀. Tààrà ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú jíà kékeré, láìtẹ bírékì rárá tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá gba ìbú níbi dídagun yóò yí gbirigbiri. Nígbà tí jíìpù bá ń sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, yanrìn tí ń ya lábẹ́ táyà a máa dún hùnùùù, ìró rẹ̀ a sì máa gba inú ìjókòó wọ ènìyàn lára. Afinimọ̀nà mi pa ẹ́ńjìnnì kí a lè gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró, wọ́n ń kọjú ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ó lè rọrùn láti gbéra padà.

Ní ti pé kí ẹ yá ọkọ̀ wà fúnra yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe é, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ yín le lórí ìwakọ̀. Sandwich Harbour wà nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Namib-Naukluft, ìwé àṣẹ ni ènìyàn fi ń wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń yáni ní ọkọ̀ sì ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìdójútófò kò bo ọkọ̀ tí ó bá lọ sórí òkè yanrìn tàbí tí omi òkun bá kàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni òkun. Ọ̀nà kan wà láàárín ẹsẹ̀ òkè yanrìn àti omi tí ó jẹ́ pé ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn nìkan ni ó ń ṣí sílẹ̀. Bí òkun bá kún, omi ń kan ẹsẹ̀ òkè, òkè sì dagun jù fún ọkọ̀ láti gùn níbẹ̀. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni ó wà láàárín kíkún àti fífà, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, tí ó sì bá jíìpù rẹ̀ rì níbẹ̀, yóò dúró máa wo òkun tí ń bọ̀. Àwọn afinimọ̀nà ń fi ìwé ìkún òkun tò gbogbo ọjọ́ wọn: bí òkun bá ń fà, wọn gba bèbè, bí ó bá ń kún, wọn gba orí òkè. Ìyẹn ni owó yín ń rà, kì í ṣe epo àti táyà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà, ẹ jókòó síwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àwọn pẹ́dà.

Ohun kan kù. Lára aṣálẹ̀ náà ni ilẹ̀ títẹ́ olókùúta wẹ́wẹ́ wà, tí ipa táyà kì í tètè parẹ́ lójú rẹ̀. Ipa tí ẹnìkan bá fi sílẹ̀ lónìí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Awakọ̀ tí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gun òkè tó.

Mo máa ń wọ hìjáàbù, n kò sì fẹ́ kí ìrun bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún gbọ́ pé wọ́n ń fi ọtí àti ẹran inú ìkarahun ṣe àlejò àwọn ènìyàn. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá ọmọ mẹ́ta, Òkèlélé, Ìlọrin

Ẹ fi ìró àti hìjáàbù gígùn sílẹ̀ ní ilé ìtura, nítorí pé aṣọ tí ó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè dí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, omi sì ń mú un wúwo. Ṣòkòtò fífẹ̀, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn àti hìjáàbù kúkúrú tí ẹ lè tì bọ inú ẹ̀wù aléfòó yóò bo gbogbo ara yín. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ tí wọ́n ó fún yín yóò sì wà lókè rẹ̀. Ẹ má wọ jíǹsì. Bí ó bá tutù, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ẹ ó sì gbé òtútù rẹ̀ dé òkè yanrìn.

Àyìlá máa ń wọlé lẹ́yìn aago kan díẹ̀ níbẹ̀, nígbà yẹn ẹ ó ti kúrò lórí omi. Ẹ sọ fún afinimọ̀nà ní òwúrọ̀, kì í ṣe nígbà tí ó bá ti ń gun òkè. Nǹkan bí àríwá ìlà-oòrùn ni ẹ ó kọjú sí. Ẹ gbé bútà kékeré àti omi tiyín dání, nítorí pé omi mímu nìkan ni ó máa ń wà nínú jíìpù. Ní ti síso Àyìlá pọ̀ mọ́ Alaásàárì fún arìnrìn-àjò, àfáà yín ni kí ẹ bi, òun ni ó mọ̀ bí ìrìn yín ṣe rí.

Ọtí wáìnì tí ń hó àti ọ́ísítà, ẹran inú ìkarahun tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, tí wọ́n ń sìn nínú òkun Walvis Bay ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń forúkọ sílẹ̀ pé ẹ kì í mu ọtí, ẹ sì fẹ́ ẹran hàláàlì tàbí ẹja, wọn yóò sì pèsè rẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ti ọ́ísítà, ìlànà Màlíkì tí àwọn àfáà wa ní Ìlọrin ń tẹ̀lé kò ka ẹran inú òkun léèwọ̀. Ohun tí ó lè dá yín dúró ni pé tútù ni wọ́n ń gbé e mì, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. N kò rò pé ẹni tí ó jẹun wàrà àti dùǹdú dàgbà ni ó yẹ kí a fi ipá mú.

Àbúrò mi sanwó ọjọ́ gbáko fún ìrìn àjò yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afinimọ̀nà wo òkun, ó ní àwọn kò wọ omi mọ́, òkè yanrìn nìkan ni wọ́n lọ. Àbúrò mi ní omi bèbè náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ? – Oníṣòwò, Òrò

Lórí omi, wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lórí owó, ọ̀rọ̀ méjì ni ìyẹn.

Afẹ́fẹ́ tí ó sábà ń fẹ́ ní Walvis Bay ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó sì ń le sí i bí oòrùn bá ti ń gòkè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tukọ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń pa òkè yanrìn mọ́ fún ọ̀sán. Àwọn ọjọ́ kan wà tí afẹ́fẹ́ náà ń jí ṣáájú ènìyàn. Ẹ rántí pé inú Pelican Point ni wọ́n ti ń tukọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba orí ilẹ̀ yanrìn náà wá ń fẹ́ kúrò ní bèbè lọ sí àárín omi, nítorí náà omi tí ó wà lẹ́sẹ̀ bèbè yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́, nítorí pé ilẹ̀ ń ṣíji bò ó. Ẹni tí ó bá ti tukọ̀ jìnnà díẹ̀ ni yóò rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbé òun lọ, pé apá òun kò sì ká a láti padà. Omi tí ó tẹ́ tí àbúrò yín rí yẹn ni ó ń pa àjòjì. Kùrukùru náà lè fa ìfagilé: bí afinimọ̀nà kò bá lè rí gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n kúrò ní ilẹ̀.

Ní ti owó, kí ẹ wo ohun tí àbúrò yín fọwọ́ sí. Bí ó bá wà níbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ náà lè yí ètò padà nítorí ojú ọjọ́, ó yẹ kí ó tún sọ ohun tí wọ́n ó fi rọ́pò: kí wọ́n dá apá kan owó padà, kí wọ́n gbé wọn lọ wo síìlì nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá oní-ẹ́ńjìnnì, tàbí kí wọ́n sún káyáàkì sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí wọn kò bá kọ èyíkéyìí síbẹ̀, kí ó kọ ìwé sí wọn, kí ó béèrè owó apá orí omi padà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, láìfi afinimọ̀nà sùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lọ, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì má fi ìrìn àjò náà sí ọjọ́ tí ẹ ó kúrò ní ìlú. Ẹni tí ó bá ní òwúrọ̀ kan lọ́wọ́ sí i ni afẹ́fẹ́ kò lè fi bẹ́ẹ̀ rí mú.

Ẹnìkan ní kí a má wulẹ̀ dé Nàmíbíà, pé Dubai ní òkun, ó ní yanrìn, ó sì súnmọ́ ohun tí a mọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? – Tọkọtìyàwó, Tanke, Ìlọrin

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ó rí yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Emirates tí Dubai wà, pàápàá ní Abu Dhabi, inú àwọn ojú omi tóóró láàárín igi ẹ̀gbà, igi tí ń hù nínú omi iyọ̀, ni wọ́n ti ń wa káyáàkì. Omi náà móoru, kò jìn, kò sì sí síìlì nínú rẹ̀. Òkè yanrìn tí jíìpù ń gùn jìnnà sí omi náà, ẹ ó wà lórí títì fún ìgbà díẹ̀ láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí òkun ti kan ẹsẹ̀ òkè yanrìn láìdé Nàmíbíà, Khor Al Adaid ní gúúsù orílẹ̀-èdè Qatar ni kí ẹ béèrè. Ní gbogbo agbègbè yẹn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ojú ọjọ́ ti ń dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé oṣù Kẹjọ nìkan ni ẹ lè gba ìsinmi, ooru ibẹ̀ yóò ti ju ìwọ̀n 40 lọ. Ẹ gba ọ̀nà Johannesburg lọ sí Walvis Bay, kí ẹ sì di súwẹ́tà àti fìlà òtútù sínú ẹrù yín, nítorí pé ìgbà òtútù ni wọ́n ń lò nígbà náà.